Igbó Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

"Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kí n wo abẹ́ ewé rẹ̀," ni Mirta wí.

Wilmar fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò ike náà jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igi igbó inú rẹ̀ ṣì kéré, kò ga tó apá ọmọdé. Ó yẹ kí àwọn ewé rẹ̀ nà bí ọwọ́ tí a tẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ṣóńṣó wọn ká sísàlẹ̀ bí èékánná àwòdì. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ti ń di pupa rúsúrúsú.

Mirta ń gbé ní ilé kejì sí tiwọn ní àdúgbò La Teja. Òun ló fún Wilmar ní hóró tó gbìn, orí òrùlé ilé rẹ̀ ni òun náà sì ti ń gbin tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ó mi orí.

"Omi tí ẹ̀ ń fún un ti pọ̀ jù, Bàbá. Ẹ̀ ń kẹ́ ẹ bí àkọ́bí."

"Èmi? Ọjọ́ Àìkú ni mo fún un lómi gbẹ̀yìn. Ife kan."

"Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn. Bí ọ̀mùtí. Ife kan péré."

Zulma, ìyàwó Wilmar, rẹ́rìn-ín nínú àga tó jókòó sí, bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ló ti sọ yàrá yìí di tirẹ̀, nítorí iná tí wọ́n so sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún igbó náà ń mú kí ibẹ̀ móoru.

"Bá mi bá a wí, Mirta," ó ní. "Àná ni mo gbọ́ tó ń kí i káàárọ̀. Èmi ò tíì rí tèmi gbà."

"Mo kí ọ," ni Wilmar fèsì. "O ń sùn ni."

Àìsàn tó wà nínú ikùn Zulma kò jẹ́ kí ẹ̀rín rẹ̀ pẹ́. Ó di etí bùláńkẹ́ẹ̀tì mú títí ìrora náà fi kọjá. Òògùn tí wọ́n fún un ní ọsibítù máa ń mú un sùn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Òróró igbó tí Mirta sè nìkan ló ń mú ara rẹ̀ fúyẹ́ tí ojú rẹ̀ á sì là, bẹ́ẹ̀ ìgò náà ti ń lọ sísàlẹ̀, Mirta alára kò sì ní òmíràn mọ́. Ohun tí wọ́n ń retí ni igi inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí.

"Ẹ má fún un ní ohunkóhun títí ilẹ̀ rẹ̀ á fi gbẹ," ni Mirta wí bó ṣe ń fẹnu kan Zulma lẹ́rẹ̀kẹ́ kó tó lọ.

Fíríìjì ni Wilmar ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ pé a kì í pààrọ̀ nǹkan kan ká tó mọ èyí tó bàjẹ́. Nígbà tí Zulma sùn lọ nínú àga, ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ iná, níbi tí orí igi náà máa ń dé. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò jóni. Iná kọ́. Ó gbé awò ìkàwé wọ̀, ó yẹ abẹ́ àwọn ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí kòkòrò. Ó fi ìka méjì tẹ ewé kan. Ewé tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń rọ̀ bí àkísà; èyí le, ó kún bí ẹni tó yó jù. Ó gbé ìkòkò náà sókè, ó wúwo bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ín ni.

Omi ni lóòótọ́. Inú Wilmar dùn díẹ̀, bó ṣe máa ń dùn nígbà tí àlébù bá ti há sí igun kan. Ibo wá ni omi náà ti ń wá? Ó yẹ àwọn ihò ìdí ìkòkò wò, wọn kò dí. Ó tẹ ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi kán sínú àwo, ó pọ́n, ó sì tún ní àwọ̀ ewé. Ó gbóòórùn rẹ̀.

Máté ni.

Láràárọ̀, kó tó lọ ra búrẹ́dì, á da ewé máté, tíì kíkorò tí wọ́n ń mu níbẹ̀, sínú ahá Zulma, á ti ìfàmu irin bọ̀ ọ́, á sì gbé fúláàsì omi gbígbóná tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá dé, á mi fúláàsì náà, á rí i pé òfìfo ni. Nǹkan kan á sì balẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì lè mu máté rẹ̀ tán kò tíì múra àtilọ síbì kan.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ igi náà tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí òwú. Púpọ̀ nínú wọn ti dúdú, wọ́n ń rùn bí irà. Nínú erùpẹ̀ òkè, ó rí èérún ewé máté.

Nígbà tó gbójú sókè, Zulma ti jí. Ó ń wò ó.

"Látìgbà wo?" ni Wilmar bi í.

"Látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Máté ò lọ mọ́, ọ̀nà ọ̀fun ló ti máa ń padà." "Mo máa ń jẹ́ kó tutù ná kí n tó dà á sídìí igi náà. Mi ò fẹ́ kó jó gbòǹgbò rẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"O máa ń mi fúláàsì yẹn, ojú rẹ á sì tàn. Kí ni kí n wá sọ?"

Wilmar wo ọwọ́ rẹ̀ tí erùpẹ̀ kún. "Ọbẹ̀ elégédé tí mò ń sè ńkọ́?"

"Ajá Mirta máa ń wá síbi fèrèsé. Ṣé o ò rí bó ṣe sanra ni?"

Wilmar fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó tẹjú mọ́ gbòǹgbò náà. "Ó ṣì lè yè. Màá gé èyí tó jẹrà, màá lo erùpẹ̀ tó níyanrìn. Kí ìgbà ooru tó dé, á ti ní òdòdó tá a lè fi ṣe òróró."

"Wilmar."

"Wò ó, funfun wà níbí—"

"Bàbá. Ìgbà ooru jìnnà."

Òun náà mọ̀ pé ó jìnnà.

"Wá jókòó," ni Zulma wí. "Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí mi ò bá sí mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́."

"Jẹ́ kí n gbìn ín padà ná. Atẹ́gùn kì í jẹ́ kí gbòǹgbò—"

"Tó o bá gbìn ín tán, wàá ní iná fẹ́ àtúnṣe. Tó o bá tún iná ṣe tán, ilẹ̀kùn á máa han. Mo mọ̀ ọ́."

Fáànù kékeré inú kọ́bọ́ọ̀dù ń fẹ́ síbi tábìlì. Gbòǹgbò tó tínrín bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Wilmar nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fa àga, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, ó jókòó. Zulma di ọwọ́ rẹ̀ mú tòun ti erùpẹ̀ ara rẹ̀.

"Mò ń gbọ́," ó ní.