Ògiri Tó Jẹ Oòrùn

Ọlọ́runníyì gun orí àga, ó lẹ etí mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì fọ ẹnu, aṣọ òru sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbà, gbà, gbà! Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì. Ìró òòlù ni, ìró ṣọ́bìrì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ tún gbé e, mà! Ẹ tún gbé e!"

"Bàbá Tẹjú, ẹ máa ṣubú o." Olúfọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó ń da ògì gbígbóná sínú fúláàsìkì pupa.

"Gbọ́ ná. Wọ́n tún ń kọ́ nǹkan mìíràn."

"Àwọn wo?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò ó tìfura-tìfura. "Ṣé o fẹ́ kí n dárúkọ wọn ni?"

Olúfọlákẹ́ dé fúláàsìkì náà pa. Láti ìgbà òjò ni ọkọ rẹ̀ ti pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ Dàwódù àti ará ilé rẹ̀ létí òun mọ́.

"Ta lo ń gbé ògì yẹn fún?"

"Ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá ni," ó dáhùn, ó sì jáde. Ọkọ rẹ̀ kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òòlù tún ti dún.

Ká sọ tòótọ́, Àlàájì Dàwódù kò jí adìẹ ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ kan náà ní Ìlúpéjú ni òun àti Ọlọ́runníyì ti ṣiṣẹ́ títí orí wọn fi hewú. Wọ́n jọ ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Òpópónà Làsísì, ní Oko-Ọba. Ará Èkìtì ni ọ̀kan, ará Ìjẹ̀bú ni èkejì, ògiri kékeré kan tí kò ga ju ìbàdí lọ ló sì pààlà láàárín wọn. Orí ògiri yẹn ni abọ́ iyán ń gbà kọjá lọ́dún Kérésì, tí ẹran Iléyá àti ìkọ́kọrẹ́ ń gbà padà wá.

Ìgbà tí Dàwódù fẹ̀yìn tì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta táìsì ni nǹkan yí padà. Táìsì bo ilẹ̀ ilé rẹ̀, ó gun ara ilé. Géètì tó ń dá ṣí fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, Ọlọ́runníyì náà sì kí i fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ a fò kọjá ògiri, àyà rẹ̀ a sì máa ta á bí ẹni tó gbé ata mì. Owú ń jẹ ẹ́, owú burúkú. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni, wọ́n jọ gbowó ni. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń lẹ táìsì, tí èkejì ń wá owó ọ̀dà?

Nígbà òjò tó kọjá, ó pe bíríkìlà, ó ní kó to búlọ́ọ̀kù lé ògiri náà títí òun kò fi ní í rí òrùlé Dàwódù mọ́. Nígbà tí Dàwódù béèrè pé kí ló dé, ó ní nítorí olè ni. Láti ọjọ́ náà ni kíkí ti dópin.

Ó rò pé ara á tu òun. Ara kò tù ú. Nígbà tí ojú kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, etí gba iṣẹ́ náà ṣe, etí kò sì mọ ibi tó yẹ kí nǹkan mọ. Bí ọkọ̀ bá dúró lódìkejì, ó ti di jíìpù tuntun. Òòlù tó ń dún láti bí ọjọ́ mélòó kan yìí, Ọlọ́runníyì ti fi kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún Dàwódù lọ́kàn ara rẹ̀, ó ti kùn ún, ó ti kó ayálégbé sínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ló ń wí.

Ìdí nìyẹn tó fi pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́, láìdárúkọ ara rẹ̀. Ó ní aládùúgbò kan ń kọ́lé láìgbàṣẹ, ògiri rẹ̀ sì ga kọjá òfin. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé òfin wà fún ògiri. Bí òfin náà ṣe lọ gan-an, kò dúró gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà dé, kí oòrùn tó mú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúọlá ló ṣáájú pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ọkùnrin kan gbé ọ̀dà pupa tẹ̀lé e. Ọlọ́runníyì ti wọ ṣòkòtò, ó ti dúró sẹ́nu géètì rẹ̀. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi wọ ilé Dàwódù. Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ìdúpẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n jáde. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọrí sí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ògiri àárín yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ bi àwọn tọ̀hún."

"Ọ̀dọ̀ yín ni àwọn òpó rẹ̀ wà, sà." Tinúọlá ti fa téèpù láti ilẹ̀ dé òkè. Ó mi orí. "Ó ti ga jù. Pámíìtì ńkọ́?"

"Olè... olè pọ̀ ládùúgbò yìí."

"Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn, sà." Ó ṣẹ́jú sí ọkùnrin ọlọ́dà. Ọkùnrin náà fa ìlà pupa méjì kọjá ara wọn sára búlọ́ọ̀kù, àmì pé wíwó ni.

"Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ohùn Ọlọ́runníyì ti lọ sókè. "Ṣé ẹ ò rí ìyẹn ni?"

"Ilé wo, sà?" Tinúọlá wò ó, ó tún wo ògiri. "Ẹ ò ṣe tẹ̀ lé wa kí ẹ fojú ara yín rí i?"

Ó tẹ̀ lé wọn. Ó ti múra ojú rẹ̀ sílẹ̀ de ilé alájà mẹ́ta. Kò sí ilé kankan. Síméǹtì tútù kan ló wà níbẹ̀, tó lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ sí iwájú ilé, pákó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Dàwódù fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Lábẹ́ oòrùn ni Munirat ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, lórí àga onítáyà. Ọwọ́ rẹ̀ kan sùn sórí itan. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan dì í lẹ́sẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ tún gbé e, mà!"

"Bàbá Tẹjú!" Dàwódù dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú sí ariwo wa. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú. Dókítà ní kí oòrùn àárọ̀ máa pa á. Ẹ̀yìnkùlé la kọ́kọ́ gbé e lọ, àmọ́ oòrùn ò débẹ̀ mọ́. Ni mo bá ní kí n ṣe ọ̀nà tí àga yìí á máa gbà dé iwájú." Ó yíjú sí Tinúọlá. "Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kó le jù fún wọn. Àwa méjèèjì la jọ ni ògiri yẹn. A máa bójú tó o."

Munirat ti gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ó sì ń fara balẹ̀ ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Tẹjú... ẹ kú àtijọ́. Ìyá Tẹjú ní... ara yín ò yá. Ìdí nìyẹn... tí a ò fi rí yín. Ṣé ara... ti ń le?"

Fúláàsìkì pupa wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó ti ń le," ni Ọlọ́runníyì wí.

Nígbà tó padà délé, Olúfọlákẹ́ ń sá aṣọ.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn."

"Àìsàn wo lo sọ fún wọn pé ó ń ṣe mí?"

Ìyàwó rẹ̀ gbọn aṣọ kan, ó tẹ́ ẹ sórí okùn, ó fi ọwọ́ na etí aṣọ náà kó lè gún.

"Mi ò dárúkọ ẹ̀," ó ní.

Ọlọ́runníyì wọlé lọ mú òòlù. Ó gun àga tó gùn láàárọ̀. Búlọ́ọ̀kù òkè kò tètè gbà, bíríkìlà yẹn kò fi síméǹtì ṣahun rárá. Ó lù ú títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó yọ, oòrùn gba orí èjìká rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé Dàwódù, ó tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ ìnura. Ó tún gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì náà, ó ń sọ pé kí wọ́n tún gbé e. Ó gbé òòlù sókè, ó kọjú sí èyí tó kàn.