Òkúta Ẹ̀rúwà Nínú Omi Òkun

Ẹ̀rúwà kò ní òkun, kò ní ọ̀sà. Òkúta ló ní, ó sì ní in ní àníṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi rẹ́rìn-ín títí tí ikùn fi ń dùn wọ́n ní ọdún 1971, nígbà tí Zachariah Akínladé, atukọ̀ òkun, sọ àpótí gíláàsì kan tó gùn tó ibùsùn ọmọdé kalẹ̀ láti orí mọ́tò, tó ní ẹja òkun ni òun fẹ́ sìn nínú rẹ̀ ní pálọ̀.

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi jẹ́ ìyàwó atukọ̀. Ọdún méjì-méjì ni ọkọ rẹ̀ ń wálé, oṣù kan péré ni yóò lò, kí ara tó mọ́ra yóò tún ti máa di ẹrù. Láńrewájú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn, kò sì tíì jẹ Kérésìmesì mẹ́rin pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láyé. Lọ́tẹ̀ yìí, Zachariah ní ọkọ̀ ti sú òun, ṣùgbọ́n bí òun bá sùn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, etí òun kì í yé wá òkun kiri.

Ó ní, "Ìyá Láńre, bí ẹja wọ̀nyí bá lè yè ní Ẹ̀rúwà, n ò lọ mọ́. Bí wọ́n bá kú, á jẹ́ pé orí omi ni Ọlọ́run yan èmi náà sí."

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Ẹni tó yẹ kó sọ pé òun ń bẹ̀rù, ó ń di ọ̀ràn náà lé ẹja lórí. Ṣùgbọ́n Wúràọlá gbà, nítorí kò rí èyí tó dára jù ú lọ gbà. Lẹ́tà àwọn ọlọ́kọ̀ ti wà lórí tábìlì: wọ́n tún ń wá a, ọkọ̀ yóò sì ṣí kúrò ní Èkó ní Sátidé tó máa parí oṣù.

Ẹja márùn-ún ló kó wá pẹ̀lú àgbá omi òkun kan, láti ara òkúta tí wọ́n kó dí ẹnu òkun l'Ékòó. Wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ara wọn ní àwọ̀ ìyeyè, ilà dúdú sì dábùú rẹ̀. Zachariah ní ẹja inú òkúta ni wọ́n, pé bí wọn kò bá rí ihò sá sí, ẹ̀rù ni yóò pa wọ́n. Ó to òkúta sínú àpótí náà, ó wó. Ó tún un tò, ó tún wó, ọ̀kan sì lu gíláàsì gbì. Ló bá ké sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lo mọ òkúta tò."

Òótọ́ ni. Gàrí ni iṣẹ́ Wúràọlá, òkúta tí a ń tò sórí àpò ẹ̀gẹ́ rírin kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé léra ṣáá. Èyí tó yọ ikùn, a ó dojú rẹ̀ dé èyí tó ní kòtò. Níbi tí àlàfo bá wà, a ó fi èérún òkúta dí i, kí gbogbo wọn lè di ara wọn mú títí omi yóò fi ro tán. Bí ó ṣe to ti inú gíláàsì náà nìyẹn. Ó tò ó mọ́ ògiri ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìka kò lè kọjá níbẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ níwájú. Zachariah fi ọwọ́ tì í, kò mira. Inú rẹ̀ dùn.

Rùkáyàt, tí òun àti Wúràọlá jọ ń yan gàrí, yọjú lójú fèrèsé. "Ìyá Láńre, o ti fún omi òkun báyìí. Ó ku kí á yan án."

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ máa ṣí, Zachariah gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́fà, ó ní òun ń lọ bu omi tuntun l'Ékòó, òun yóò dé lọ́jọ́rú. Kò sí iná mànàmáná ládùúgbò wọn, nítorí náà tíúbù táyà mọ́tò ló ń fún ẹja ní èémí: wọ́n á fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fún un ní afẹ́fẹ́, páìpù tín-ín-rín kan á sì máa tú afẹ́fẹ́ náà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ó fi han ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó wo ẹja pẹ́, ó sì jáde láìwẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú pálọ̀. Ẹja kan léfòó, ó ń la ẹnu. Wúràọlá fẹ́ afẹ́fẹ́ títí apá fi ń ro ó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́, ẹja náà ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti kú, àwọn mẹ́rin tó kù sì rọ̀gbà yí ẹnu páìpù ká. Wúràọlá tilẹ̀ rò ó pé kí òun lọ sódò Ọ̀fíkì lọ wá ẹja tó jọ ọ́, àfi bí ẹni pé afọ́jú ni ọkọ òun.

Ó ṣí àpótí aṣọ ọkọ rẹ̀ láti wá àkísà tí yóò fi nu gíláàsì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìwé atukọ̀ rẹ̀, èyí tí kò lè wọ ọkọ̀ òkun láìsí i lọ́wọ́, kò sí níbi tó máa ń wà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó lọ bu omi, kí ló fẹ́ fi ìwé atukọ̀ ṣe?

Ọjọ́rú rọ̀, Zachariah kò dé.

Rùkáyàt wí fún un láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé, "Jẹ́ kí wọ́n kú, kó o sinmi! Ṣé ẹja ló fẹ́ ẹ ni?"

"Bí wọ́n bá kú, èmi náà ni mo lé e lọ."

Rùkáyàt mí kanlẹ̀, ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó gbé òkúta lé àpò, omi funfun sì ń ṣàn jáde nídìí rẹ̀. Wúràọlá ń wò ó láti ojú fèrèsé, omijé lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Òkúta gàrí, omi là ń fi í lé jáde! Ó sáré lọ wo ẹ̀yìn gíláàsì. Níbi tó ti fi èérún dí gbogbo àlàfo, omi kò rí ọ̀nà kọjá, àjẹkù oúnjẹ ẹja ti há síbẹ̀, ó ti jẹrà, ó dúdú bí àbàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹja náà.

Ó pe Rùkáyàt wọlé. Wọ́n da omi òkun tó ṣẹ́ kù nínú àgbá sínú bàsíà, wọ́n kó ẹja sí i, Rùkáyàt dìde sí pọ́ńpù. Wúràọlá ki apá méjèèjì bọ omi, ó ń tú òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lu gíláàsì. Kò fọ́.

Títò rẹ̀ ló wá le jù, nítorí ọwọ́ tí a ti fi ogún ọdún kọ́ kì í tètè gbàgbé. Bí ó bá rí àlàfo, ìka rẹ̀ á ti máa wá èérún tí yóò fi dí i. Ó ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ jà. Ó gbé àwọn pẹlẹbẹ kalẹ̀ sórí gíláàsì gan-an, kì í ṣe sórí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó lè yẹ̀. Ó gbé méjì dúró, ó fi ẹ̀kẹta dábùú wọn bí àtẹ́rígbà, ó sì jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn. Ó wó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ki apá bọ ọ́ láti iwájú, ọwọ́ rẹ̀ yọ lẹ́yìn, òkúta kò sì mira. Ìlàjì òkúta ló kù síta. Wọ́n sẹ́ omi inú gíláàsì kúrò lára ìdọ̀tí, wọ́n dà á padà, wọ́n sì kó ẹja sí i. Iyọ̀ ti bó ìka Wúràọlá.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni Zachariah tó dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Wọ́n ti kú, àbí?"

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Láńre. Ọ̀kan kú. Èmi ni mo to òkúta pa á." Ó na ọwọ́ sí i. "Ìwé atukọ̀ yín dà?"

Ó yọ ọ́ láti àpò. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti fọwọ́ sí i pé n ó bá ọkọ̀ lọ. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò mí dáadáa. N ò lè dúró wo ikú wọn. Ọ̀la ni ọkọ̀ máa ṣí. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé omi náà wá."

Inú bí Wúràọlá dé ibi tí kò mọ̀ pé òun ní nínú. "Ẹ sá! Ẹ rí i pé ó ń kú, ẹ kò sọ fún mi, ẹ sá!"

Zachariah ti ń wo inú gíláàsì, níbi tí ẹja mẹ́rin ti ń gba abẹ́ àtẹ́rígbà kọjá, tí wọ́n ń yọ lẹ́yìn, tí wọ́n tún ń padà bọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, àpò ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò àkọ́kọ́ nìkan ló lè gbé e dé Èkó kí ọkọ̀ tó ṣí. Wúràọlá kò bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ sídìí tíúbù, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, kò gbójú sókè, ẹ̀rù ń bà á bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Zachariah jókòó síwájú gíláàsì. Dírẹ́bà tẹ fèrè ní gáréèjì. Ó tún un tẹ̀.

Zachariah dìde. Ọwọ́ Wúràọlá dúró lórí pọ́ńpù.

Ó ń gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń kùn lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, títí ìró rẹ̀ fi pòórá. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lóòró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Ìyá Láńre, jọ̀ọ́, fi hàn mí bí o ṣe tò ó."