Ọ̀rọ̀ Tí Ògbufọ̀ Gbọ́

Lọ́dún 1987, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ikú tí adájọ́ àkọ́kọ́ dá fún Àtàndá, ṣùgbọ́n kò ní kó máa lọ ilé. Ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ mìíràn, kí ọlọ́pàá tó ṣe ògbufọ̀ fún un sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Àwọn birikìlà ẹgbẹ́ Àtàndá bá ijó dé ilé Mùlíkàt, ìyàwó rẹ̀, ní Nyanya lẹ́bàá Àbújá. Mùlíkàt bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Adìẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tú sílẹ̀, tí wọ́n tún fi tòsì mú, kí ló rí tó fẹ́ jó sí?

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Níbi iṣẹ́ kan lẹ́bàá Life Camp, Àtàndá àti Jàbárù ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà láàárọ̀ nítorí omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Kó tó di ọ̀sán, Jàbárù jábọ́ láti òkè. Àtàndá ló sáré gbé e mọ́ra, àyà rẹ̀ ló wà tó fi dákẹ́. Nígbà tí ọlọ́pàá bi í léèrè, ó fi omijé dáhùn pé, "Ọwọ́ mi ló kú sí." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yàhàyá, kọ́ńsítébù tó ń túmọ̀, Mínnà ni wọ́n bí i sí, Hausa ló fi dàgbà, ó kàn ń gbọ́ Yorùbá fìrìfìrì ni. Ó sọ ọ́ dà fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ní ọwọ́ òun lòun fi pa á. Ọ̀gá náà kọ ọ́ sínú ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì ni adájọ́ àkọ́kọ́ gbára lé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ọládùnjoyè, lọ́yà wọn, gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: òfin ò gba lọ́yà láyè kó tún di ẹlẹ́rìí. Ó ṣàlàyé fún Mùlíkàt pé ìdájọ́ yìí dára, pé láti ìsinsìnyí lọ, ìwé ọlọ́pàá nìkan kò ní lè pa ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí Yàhàyá bá wá búra pé bẹ́ẹ̀ lòun gbọ́ ọ, okùn yóò tún padà sọ́rùn Àtàndá. Ó wá kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe lọ bá Yàhàyá, kí wọ́n má baà ní ó fẹ́ fún un ní rìbá.

Ta ni ọkọ rẹ̀ máa wà lẹ́nu ikú, tí yóò jókòó? Mùlíkàt wọ mọ́tò lọ sí Bwari, ó béèrè ilé Àlímátù, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ, ìyá Yàhàyá. Ó kúnlẹ̀, ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ìyà opó kò ṣàjèjì sí Àlímátù, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ni kò fi èdè bọ́ ọmọ. Ó ṣèlérí pé Yàhàyá yóò tún un ṣe.

Nígbà tí Yàhàyá wọlé, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá rẹ̀ sọ ẹni tí Mùlíkàt jẹ́ àti ohun tó bá wá fún un, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn. Ó kàn wò ó lójú.

"Yàhàyá, ọwọ́ mi ni bàbá rẹ kú sí."

Ojú ọmọkùnrin náà yí padà. Ó sún sẹ́yìn. "Màmá, ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi?"

Àlímátù sunkún kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó sọ bó ṣe gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, tó ń ka kálímà sí i létí títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó ní ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ nìyẹn. Ara Mùlíkàt wá fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti mú Àtàndá. Ó rọ Yàhàyá pé kó sáà wá sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù.

Yàhàyá ò gbójú sókè. "Ẹnì kan wà ṣáájú ọkọ yín," ló wí. "Ọmọ Ìkirè. Àbúrò rẹ̀ ló kú. Ohun kan náà ló sọ fún mi."

Mùlíkàt béèrè bóyá ọkùnrin náà ti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

"Kò rí ẹni bá a pè é. Wọ́n ti yẹgi fún un."

Ẹ̀rù ba Mùlíkàt, nítorí ó yé e kíá. Bí Yàhàyá bá jẹ́wọ́ pé òun ṣi ti Àtàndá gbọ́, wọn yóò bi í léèrè nípa àwọn mìíràn tó ti túmọ̀ fún, ikú ọmọ Ìkirè yóò sì wá sí i lọ́rùn. Ó rọra bi í pé, "Ṣé wàá ṣì wá?"

Yàhàyá kọjú sí ìyá rẹ̀. Àlímátù ti nu omijé rẹ̀ kúrò.

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí, Mùlíkàt," ló wí. "Máa lọ ilé."