Ìyá Aláǹtakùn Méje

Méje ni wọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí Zelina fi máa padà kà wọ́n lọ́jọ́ Ajé, mẹ́ta péré ló kù.

Ó dúró lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ ẹ̀bá ìsun omi inú àfonífojì, ó ń yí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláǹtakùn tí kì í ta àwọ̀n ni wọ́n, wọn ò ju hóró ọsàn lọ. Wọn a máa yọ́ tọ eṣinṣin bí ológbò, wọn a so òwú ẹyọ kan mọ́ ewé, wọn a sì fò. Bí èèyàn bá sún mọ́ wọn, wọn a yíjú, wọn a tẹjú mọ́ ọn. Àfonífojì yẹn nìkan ni wọ́n ń gbé. Ohun tí Maksim ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn, kó tó kú ní oṣù Kẹfà, ni pé, "Lina, má jẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ."

Ta ni ìbá sì kó wọn bí kò ṣe Yashvin, ọmọ Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì tó wá ṣèwádìí wọn, tó ń kó ìgò kéékèèké kiri nínú àpò? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìjẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń kọ Zelina lóminú. Kí ló dé tó ń pa ìwé rẹ̀ dé bí òun bá ti yọ? Lọ́jọ́ Àìkú, Zelina bu ẹja fún un, ó kàn rẹ́rìn-ín, kò jẹ ẹ́.

Ó lọ bá Felisyen, olùtọ́jú erékùṣù kékeré tí wọ́n ń gbé, níbi tó ti ń bó àgbọn.

"Bùọ̀dá, ọmọ yín ti jí mẹ́rin."

"Ọmọ mi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo bí i? Zelina, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni aláǹtakùn ní. Ó lè rìn lọ."

"Ọdún mọ́kànlélógún lèmi àti Maksim fi kà wọ́n. Wọn kì í kúrò lórí ewé wọn."

Felisyen mí kanlẹ̀. "Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Mahé, erékùṣù ńlá, ń bọ̀ lọ́sàn-án. A ó yẹ ẹrù ẹ̀ wò, kó má baà fi wọ́n ránṣẹ́."

"Ẹ yẹ abẹ́ fìlà ẹ̀ náà wò."

Wọ́n tú ẹrù Yashvin sílẹ̀ ní èbúté. Wọn ò rí nǹkan kan.

"Màmá Zelina, mo kàn ń wò wọ́n ni."

"Ẹnu ẹ dùn! Ẹni tó mọ̀ ọ́n jí ló ń mọ̀ ọ́n fi pa mọ́."

Felisyen wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Máa lọ sí Mahé ná, ọmọ mi. Títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yé wa, mo gba ìwé àṣẹ ìwádìí ẹ." Omi lé ròrò lójú Yashvin. Zelina rí i, ó ní ẹ̀tàn ni.

Ó padà sílé, ó gbé omi kaná. Àkẹtẹ̀ ló ń hun tà. Bí àwọn tó ń hun àkẹtẹ̀ níbẹ̀ ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gé màrìwò kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò sì ní ṣí ìṣẹ́po rẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e dé ìkòkò omi gbígbóná tí wọ́n á bọ̀ ọ́ sí, kí oòrùn má baà pọ́n inú rẹ̀. Ìdì méjì ló gé lọ́jọ́ Ẹtì, nídìí ìsun. Ó ti bọ ọ̀kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ó tú ìdì kejì. Nǹkan fò mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Aláǹtakùn kan ni; ó yíjú, ó tẹjú mọ́ ọn.

Nínú ìṣẹ́po màrìwò ni àpò ẹyin wà, funfun báláú, òmíràn sì wà nínú ewé kejì pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Zelina wo ìkòkò. Ó wo àwọn ewé tó ti bọ̀, tó sá sórí okùn.

Ó kó ewé méjèèjì sínú abọ́, ó dé e, ó sáré lọ sí èbúté. Ọkọ̀ ti ń kúrò nígbà tó wọ inú òkun dé ìbàdí, ó na abọ́ náà sókè.

"Ẹ dá ọkọ̀ dúró! Èmi ni! Èmi ni mo gé wọn!"

Yashvin sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí abọ́, ó tẹjú mọ́ àwọn àpò ẹyin.

"Inú màrìwò ni wọ́n ń wọ̀ lọ yé ẹyin?"

"Mi ò mọ̀. Maksim gan-an ò mọ̀."

"Méjì yòókù ńkọ́?"

"Mo ti bọ̀ wọ́n."

Felisyen ṣí fìlà rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè lọ sídìí ìsun. Yashvin fi òwú so ewé náà mọ́ ọ̀pẹ. Zelina nawọ́ láti bá a di etí ewé náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn," Yashvin ní. Ọwọ́ Zelina ló ń wò, bí wọ́n ṣe ń wo ọwọ́ olè.

Zelina sún sẹ́yìn.