Owó Orí Àwọn Ọmọ Bọ́dìn

Ní ọdún 1958, ọ̀rọ̀ méjì péré ló kó ọmọ méjìlélógójì kúrò ní bọ́dìn kan ní Ọ̀fà, díẹ̀ ló sì kù kó kó iṣẹ́ Tíṣà Ọlábámijí lọ pẹ̀lú wọn.

Ọlábámijí ló ń tọ́jú bọ́dìn náà, níbi tí àwọn ọmọ abà tó jìnnà ń sùn kí wọ́n lè rí ìwé kà. Ìwé tirẹ̀ ò kọjá sítáńdáàdì fọ́ọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó gan-an á bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Lọ́jọ́ Ajé, ìwé ìjọba dé láti Ìlọrin: ìjọba máa fún bọ́dìn lówó oúnjẹ, iye kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá dé ní Ọjọ́bọ̀ tó bá ogójì ọmọ níbẹ̀. Tí wọn ò bá pé ogójì, kí wọ́n ti bọ́dìn pa.

Inú Ọlábámijí dùn débi pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló rántí wọ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àwọn abà ẹ̀yìn Ojoku, ó ń pariwo: "Ẹ yọ̀ o! Owó orí àwọn ọmọ yín ti dé!"

Owó orí kẹ̀? Owó orí tí ìjọba ń gbà, tó ń lé baba ọlọ́mọ mẹ́wàá gun igi ìrókò, tó ń sọ arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn di ẹni tó ń sáré ju ìgalà lọ! Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn baba ti ya bo bọ́dìn bí eéṣú, kálukú gbé ọmọ tiẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹnì kan gbé ọmọ méjì, ó ní òun ò ráyè wo èwo ni tòun.

Àdìkẹ́, ìyá olóúnjẹ, dúró ti ìkòkò ẹ̀wà tí ẹṣin lè wẹ̀ nínú rẹ̀.

"Tíṣà, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni mo túmọ̀! Owó lórí ọmọ: owó orí!"

"Yéè! Ẹ̀ bá kúkú ní ekùn ló wọ bọ́dìn. Ìyẹn ìbá sàn."

Lọ́jọ́rú, Ọlábámijí tún gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Fágbàmílà, ọdẹ tí gbogbo abà ń gbọ́ tirẹ̀. Ifáníkẹ́ ọmọ rẹ̀ ló mọ̀wé jù ní bọ́dìn.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," Fágbàmílà wí. "Ẹni tó bá ti tó owó orí í san ti dàgbà. Ifáníkẹ́ ti dàgbà. Kó máa bá mi roko."

"Baba, ìrànwọ́ ni! Ìjọba fẹ́ fún wa lówó!"

"Ìjọba fún ni lówó? Ọjọ́ wo ni ekùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi fún ewúrẹ́?"

Ọlábámijí ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó fìbínú kígbe: "Baba, ìjọba ló máa san owó orí fún wa!"

Fágbàmílà sọ ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ìjọba? San owó orí? Fún àwa?"

"Fún bọ́dìn, kí àwọn ọmọ yín lè jẹun."

"Háà! Ẹ jẹ́ kó wá o! Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí bí ojú ìjọba ṣe máa ń rí tó bá ń sanwó orí!"

Nígbà tí Mísì Roseline, ìnsípẹ́kítọ̀, dé ní Ọjọ́bọ̀, èrò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló bá lórí ìlà, tọmọdé tàgbà, torí Fágbàmílà ti ròyìn owó náà fún gbogbo abà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wọ ṣòkòtò péńpé ọmọ rẹ̀, ṣòkòtò náà sì ti ya láti ìdí dé ìlú Ìjagbo. Ìyá Fágbàmílà, tí kò ní eyín kan, jókòó níwájú pẹ̀lú síléètì.

"Màmá, kíláàsì wo lẹ wà?"

"Ọmọ mi, ṣé tèmi kì í ṣe orí ni? Ṣebí orí lẹ wá kà!"

Mísì rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ó yọ àwọn àgbà kúrò, ó ka àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlábámijí ò mí títí ó fi dé méjìlélógójì. Mísì fọwọ́ sí i pé bọ́dìn máa gba owó.

"Mísì, ẹ dúró," Fágbàmílà wí. "Ẹni tó bá sanwó orí gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì. A ò fẹ́ kẹ́nì kan lé ìjọba wọgbó. Ifáníkẹ́, kọ ọ́ fún wọn!"

Ifáníkẹ́ kọ ọ́. Mísì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Baba, ọwọ́ ọmọ yín dára ju ti akọ̀wé ọ́fíìsì mi lọ."

Fágbàmílà wo ọmọ náà. "Gbé ẹrù ẹ wọlé," ó wí fún un. Ó wá yíjú sí Ọlábámijí: "Tíṣà, ìgbà wo la tún máa gba tọdún tó ń bọ̀?"

Ọlábámijí la ẹnu láti túmọ̀. Àdìkẹ́ sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.