Ohùn Lẹ́yìn Fóòmù

Màmá Martha, tó wá gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò Fẹ́yìsetán, ti dé ibi tó dùn jù nínú orin náà nígbà tí ẹnìkan ké láti ojú títì pé, “Ẹ kú ulé o!” Màmá gé orin láàárín, ó yíjú sí fèrèsé tí Fẹ́yìsetán ti fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí láti ìgbà ọdún Àjíǹde, ó sì dáhùn tagbáratagbára: “Ẹ̀ẹ́n o! Ẹ kú àbọ̀ oko! Àwọn ọmọ ńkọ́?” Lẹ́yìn náà ló tún bọ́ sínú orin rẹ̀, bí ẹni tó kàn mu omi díẹ̀.

Fẹ́yìsetán yọ hẹ́dífóònù létí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má dáhùn mọ́.”

“Kí n má dáhùn kẹ̀? Kí wọ́n lè sọ pé mò ń bá wọn ṣọ̀tá? Ní Arámọkọ yìí?” Màmá tún gèlè rẹ̀ so. “Ìwọ tí o máa ń di etí bí ẹni tí òtútù mú, o rò pé kò sẹ́ni tó ń kí ọ ni?”

“Ta ni yóò kí mi, Màmá?”

Màmá wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé e mì. “Jẹ́ n parí orin mi, jàre. Ọ̀fun mi ti ń gbẹ.”

Orí tábìlì ni sáúńdì-káàdì tuntun náà wà, àpótí kékeré tí kò ju Bíbélì àpò lọ, tó ń gbé ohùn láti inú máìkì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ògoolúwa, tó ń ta ohun èlò sítúdíò ní Adó, ló yà gbé e sílẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó ń lọ sí Ẹfọ̀n. “Dán an wò dáadáa,” ló wí. “Tí mo bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, wàá sọ fún mi bóyá o fẹ́ ẹ àbí kí n máa gbé e lọ.”

Ògoolúwa rò pé ọ̀rọ̀ àpótí lásán ni. Kò mọ̀ pé bí òun bá gbé e lọ, Fẹ́yìsetán yóò ti sítúdíò inú yàrá rẹ̀ yìí pa, yóò sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àpótí rẹ̀ àtijọ́ a máa kùn bí oyin inú ihò igi lábẹ́ gbogbo orin tó bá gbà. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni ti Philip.

Philip, olùkọ́ tó ń gbé lọ́nà Ìjerò. Nígbà kan, ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé ló ń sọ ìrọ̀lẹ́ Fẹ́yìsetán di oyin: “Fẹ́yì mi, o kú iṣẹ́ o!” Láti ìgbà ọdún Àjíǹde, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí ìjà, kò sí ẹjọ́. Ìfẹ́ náà kàn tutù lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi gbígbóná Ìkògòsì tó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà kò sì pè é. Obìnrin tí a pa tì, ṣé òun ni yóò tún máa sáré lé ọkùnrin? Ìrọ̀rí rẹ̀ nìkan ló mọ omijé tó ti mu.

Nígbà tí Màmá parí, Fẹ́yìsetán sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó tún ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣe: À Ń GBA OHÙN SÍLẸ̀. Ẹ MÁ KAN ILẸ̀KÙN. Ó padà jókòó. Ohùn Màmá mọ́ nínú àpótí tuntun náà bí omi orí àpáta. Kódà, èémí rẹ̀ hàn ketekete. Ó ku ìdánwò kan: kí àpótí náà gba ìdákẹ́ yàrá náà nìkan, kó lè mọ̀ bóyá òun náà ń kùn. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gbà á lọ, ó fi orin Màmá sétí, ó gbé orí lé tábìlì. Àárẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń ṣú nígbà tó jí. Ó gbọ́ ohun tí àpótí gbà. Kò kùn rárá. Ìdákẹ́ náà mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Bàtà náà ń bọ̀. Ó dúró.

“Fẹ́yì mi, o kú iṣẹ́ o.”

Ìdákẹ́. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí, tó ń dúró de èsì.

“Bí o ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó dáa. N kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.”

Bàtà náà yí padà, ó lọ.

Lójoojúmọ́. Fẹ́yìsetán wo fóòmù, ó wo hẹ́dífóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí ìwé ẹnu ọ̀nà. Nílùú yìí, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń jà. Ta ni yóò tún máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí fóònù? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ìdákẹ́ pẹ̀lú ń fọ́ bí ẹyin.

Họ́ọ̀nù mọ́tò dún níta. Ògoolúwa ti dé.

“Ṣé ó dára?”

“Etí rẹ̀ gbọ́ràn ju tèmi lọ. Fi í sílẹ̀.”

“Níbo lo tún ń sá lọ? Bàtà dà?”

Kò dúró sọ fún un. Ṣùgbọ́n títì Arámọkọ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!” láti ọ̀tún. Ó dáhùn. “Fẹ́yì, ṣé àlàáfíà ni?” láti òsì. Ó dáhùn. Ìyá onígàrí pàtẹ́wọ́: “Yéè! O mà ti ń dáhùn!”

“Mò ń dáhùn, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Iná ń tàn lójú fèrèsé Philip. Ó ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún nínú ilé. Ó dúró síta lẹ́sẹ̀ lásán.

“Philip, o kú ilé o.”

Àga náà dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ìdákẹ́ náà kò ju èémí bíi mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ bó ṣe ń gùn tó lára ẹni tó dúró níta, láti ọdún Àjíǹde títí di òní. Kò yí ẹsẹ̀ padà.

Ó tún kí i.