Ìdíje Náítì ní Ṣọ́ọ̀bù Sellamuthu

Obìnrin kan tó ti ìlú Bhavani wá ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó dúró sábẹ́ pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ṣọ́ọ̀bù Kokila nìyí?"

Sellamuthu gbójú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń gé. Òkè orí obìnrin náà gan-an ni pátákó náà wà. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé ògiri rìn: NÁÍTÌ SELLAMUTHU.

"Ṣé ẹ ò lè kàwé ni?" ó bi í.

"Mo lè kàwé. Kokila ni mò ń bèèrè."

Kí ọkùnrin náà tó fèsì, Kokila ìyàwó rẹ̀ ti yọ láti ẹ̀yìn aṣọ, tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fa obìnrin náà wọlé bí ẹni pé ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu dàgbà. Obìnrin náà ra náítì, aṣọ ìsùn gbàgẹ̀rẹ̀ tó gùn dé ẹsẹ̀, ó rà fún ara rẹ̀, ó rà fún ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, kò dágbére fún ẹni tó gé aṣọ náà, tó rán ọrùn rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan bọ́tìnnì sí i. Kokila nìkan ló dágbére fún.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti ń jẹ Sellamuthu nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Nǹkan kì í tètè tán nínú rẹ̀. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí pé olùkọ́ kan fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí olùkọ́ náà fi darúgbó, tó fi kú, Sellamuthu kò kí i, kò sì lọ síbi tí wọ́n ti sun òkú rẹ̀. Ó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ gígé ní Erode, abẹ́ tábìlì ọ̀gá rẹ̀ ló ń sùn sí, ó sì pinnu pé lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn yóò mọ orúkọ òun kí wọ́n tó mọ ojú òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pátákó náà kọ́, ó dúró ní òdìkejì títì, ó ń wò ó títí oòrùn fi wọ̀.

Kokila ló mú ọ̀rọ̀ ìdíje wá. Oṣù Aadi ti wọlé, oṣù tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù aṣọ máa ń dín iye ọjà kù, tí oníkálukú sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn di àwọn ènìyàn létí. Ó ní kí àwọn má pariwo. Ẹnikẹ́ni tó bá ra náítì lọ́dọ̀ àwọn, kó wọ̀ ọ́, kó ya fídíò kékeré nínú rẹ̀, kó gbé e sórí fóònù kí ayé rí i. Ẹni tí láìkì rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí àjọ̀dún odò tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù náà bá kò, òun ni yóò gba ọlọ oníná tuntun tí wọ́n fi ń lọ ìrẹsì rírẹ tí wọ́n fi ń se ìdílì àárọ̀.

"Ta ló máa wọ aṣọ ìsùn kí gbogbo ayé máa wò ó?" ni Sellamuthu bi í.

"Ẹ gbọ́ ná," Kokila dáhùn, "kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ ra mílíìkì láàárọ̀? Kí ni wọ́n ń wọ̀ bá awakọ̀ táńkà omi jà? Wọ́n á ju aṣọ ìnura lé èjìká, ó parí. Ẹni tó bá ti ju aṣọ ìnura lé èjìká, ta ló tún máa sọ pé aṣọ ìsùn ló wọ̀?"

Nachammal, ìyá Sellamuthu, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń jẹ ewé bẹ́tẹ́lì bí ẹni ń jẹ obì, rẹ́rìn-ín. "Mo ní èyí tí mò ń wọ̀ lọ tẹ́ńpìlì," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Kokila kọ́kọ́ ya tirẹ̀ láti fi pe àwọn èèyàn. Ó wọ náítì elésè àlùkò, ó dúró níwájú àwọn aṣọ tí wọ́n kó jọ, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, Kokila ni mo jẹ́. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn ibùdókọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ bèèrè Kokila." Ìró àlùmọ́gàjí Sellamuthu ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́ nínú fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Fídíò wá ń dé bí òjò. Obìnrin kan fi ìyẹ̀fun ya òdòdó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, bí àṣà wọn, etí náítì rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn ká náítì rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fi ìgbálẹ̀ lé ọ̀bọ lórí òrùlé, ọ̀bọ náà sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí kò léyín mọ́ jó fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Gbogbo Erode ń rẹ́rìn-ín. Ní òpin fídíò kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: náítì Àǹtí Kokila ni mo wọ̀ yìí o.

Sellamuthu máa ń gba fóònù náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á ní òun fẹ́ wo bí ọjà ṣe ń lọ. Irọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ló ń wá. Á gbé fóònù sétí, á máa retí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun síbi tí wọ́n ti ń pín ẹran. Orúkọ Kokila á dún, yóò tẹ òmíràn. Orúkọ Kokila á tún dún. Nígbà tó bá gé aṣọ lẹ́yìn ìyẹn, a máa gé e wọ́.

Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò ńlá kan pè láti ìlú Coimbatore. Sellamuthu ló gbé fóònù.

"Ṣé ọkọ Kokila ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" oníṣòwò náà bi í.

Sellamuthu fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ní, "Òun ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tí ìdíje yín bá parí dáadáa, mo fẹ́ máa gba ọjà lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn bá mi rán 'Kokila' sí ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ yẹn dùn létí, ó ń tajà."

Ọjọ́ yẹn, Sellamuthu kò lè jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ó wo Kokila tó ń bu ọbẹ̀ rasam fún un. Ó rò ó wò: obìnrin tí mo fẹ́ sínú yàrá kan, tí mo kọ́ ní bọ́tìnnì kíkàn, òun ló wá di ṣọ́ọ̀bù, èmi sì di ọkọ rẹ̀.

"Kí ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí?" ó bi í.

"Ṣọ́ọ̀bù wo?"

"Èyí tá a jókòó sí yìí. Èyí tó wà lára pátákó."

Kokila da rasam sí i. "Ẹ jẹun, ó ń tutù."

"Mo ní kí o sọ orúkọ rẹ̀."

Kokila wolẹ̀, ó fa aṣọ ìnura rẹ̀ bo èjìká dáadáa. Sellamuthu rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀. Ẹ̀rín ló pè é. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, mo ti rí i, ìgbéraga ti kún ikùn obìnrin yìí débi pé orúkọ mi kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde mọ́.

Nígbà tí àjọ̀dún odò ku ọ̀la, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dúró sábẹ́ pátákó rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ya òun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Fídíò tí kò bá pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù bó ṣe wà lára pátákó, ó ti jáde nínú ìdíje. Òfin nìyẹn." Ó gbé e fún Kokila pé kó fi síta.

Kokila wò ó tán. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Kokila fi í síta.

Ó rò pé àwọn obìnrin yóò sáré ya fídíò míì, kí wọ́n fi orúkọ òun sí i. Wọn kò ya nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹlòmíràn, Kokila làwọn mọ̀, kó gbé ọlọ rẹ̀ pamọ́ kó fi lọ ata fún ara rẹ̀. Fídíò kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti pe orúkọ náà. Mallika ará Chithode ló ya á, kò tiẹ̀ sí ẹni tó kà á sí tẹ́lẹ̀.

Mallika dúró ti okùn aṣọ rẹ̀ nínú náítì aláwọ̀ aró kan. Sellamuthu mọ aṣọ náà. Kokila ti sọ fún un pé kó má ra irú aṣọ yẹn, ó sì rà á nítorí pé Kokila ní kó má rà á.

"Sellamuthu, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Mallika wí nínú fídíò náà. "Mo wọ náítì rẹ, òógùn mú mi, aró rẹ̀ bọ́ sí mi lára, mo di aláró. Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó di aláró. Ewúrẹ́ fara nù mí, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó di aláró. Sellamuthu, aṣọ lò ń tà ni àbí aró? Sellamuthu, jáde wá wo ìrọ̀rí mi."

Gbogbo obìnrin tí wọ́n lé kúrò nínú ìdíje ló lọ tẹ láìkì fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, kò sí ibi tí wọn kò ti mọ orúkọ Sellamuthu, láti Erode títí dé Salem. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ń bi í pé, aṣọ ni àbí aró.

Ó wọlé tọ Kokila lọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìwọ lo fà á. Ká ní o ti pe orúkọ mi nínú fídíò tìrẹ, gbogbo wọn ni ì bá pè é bẹ́ẹ̀. O jí ṣọ́ọ̀bù mi, o tún jí àwọn oníbàárà mi."

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti èyí tá à ń sọ."

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀."

"Chandran."

"Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí?"

Sellamuthu ronú. Kò gbọ́ ọ rí.

"Níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ìjọba," ìyá rẹ̀ wí, "akọ̀wé bi mí pé kí ni ọkọ mi ń jẹ́. Orúkọ òṣùpá ni bàbá rẹ ń jẹ́, mo bá nàka sókè. Ọ̀sán gangan ni, òṣùpá kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé kọ orúkọ oòrùn sílẹ̀. Oòrùn ni ìjọba ń pe bàbá rẹ títí ó fi kú, èmi kò sì la ẹnu. Obìnrin ilé wa kì í pe orúkọ ọkọ, kí ọjọ́ ọkọ má baà kúrú. Ìwọ wá kọ orúkọ ara rẹ sára pátákó, o ní kí ìyàwó rẹ máa polówó rẹ̀. Kí lo fẹ́ kó pè é?"

Sellamuthu dúró bí ẹni tí wọ́n gba ìjókòó lábẹ́ rẹ̀. Ó yí sí ìyàwó rẹ̀. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni," Kokila wí. "Ta ni kò mọ̀?"

Ìtìjú mú un. Àmọ́ owú ti bá a gbé ju ìtìjú lọ, owú ló sì ní àga nínú ilé náà. Bó bá mú òfin rẹ̀ kúrò, wọn yóò ní Kokila ló borí. Kò mú un kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti odò dé, òpópónà kún. Mallika wá pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọ náítì aláró náà, aṣọ ìnura aláró lórí èjìká. Gbogbo fóònù wà lókè. Kokila dúró ti ọlọ tuntun náà, ó ní, "Mallika ará Chithode ló borí. Ẹ̀bùn rẹ̀ rè é láti ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù wa."

"Ṣọ́ọ̀bù wo?" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Òfin ò ní pé ṣọ́ọ̀bù wa. Kó pè é bó ṣe wà lára pátákó."

Ẹ̀rín bú. Wọn kò ní i lọ́kàn pé kó ṣe é, wọ́n fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kokila yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Bó bá ní ó tó, á tó. Sellamuthu wo gbogbo obìnrin tó kún òpópónà, tí gbogbo wọn wá nítorí Kokila, tí wọ́n ń wò ó bí abiyamọ ṣe ń wo ọmọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó wo òun bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Òfin ni," ó ní.

Ẹ̀rín dá. Kokila tún aṣọ ìnura rẹ̀ ṣe.

"Sellamuthu," ó wí.

Ọwọ́ Nachammal lọ sí ọrùn ara rẹ̀, níbi tí okùn ìgbéyàwó wà kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. Kokila dúró díẹ̀, bí ẹni tó fi ìka kan ohun tí wọ́n ní májèlé ni lá, tó ń wò ó bóyá yóò pani. Ó wo ọkọ rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é.

"Sellamuthu," ó tún wí, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó wá fi àgbọ̀n júwe ọlọ náà. "Sellamuthu, gbé e lọ sínú kẹ̀kẹ́ fún wọn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Sellamuthu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ọlọ náà mọ́ra. Òkúta inú rẹ̀ wúwo. Ẹ̀gbọ́n Mallika kan wá bá a gbé e, ó kọ̀, ó dá a gbé la àárín wọn kọjá títí dé ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí.

"Rọra, Sellamuthu," Mallika wí lẹ́yìn rẹ̀, "má fọ́ ọlọ mi."

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ àga. Nígbà tó nà ró tó wẹ̀yìn, Kokila ti wọlé, ó ti na náítì kan sí èjìká oníbàárà, ó ń wò ó bóyá ó gùn jù.